Ìrìn-Àjò Orúkọ: Láti Ẹnu Arọ́kin Dé Inú Cloud

Ní ọ̀sán Sátidé, kí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ń wá àwọn ọ̀dọ́ Jọ́bẹ̀lẹ̀ kò ní wá wọn jìnnà. Wọ́n á wà nídìí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, níbi tí éjẹ́ǹtì jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì jáde, tàbí kí wọ́n wà lábẹ́ igi, kí kálukú dorí kọ fóònù tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn á tẹ nọ́ńbà rẹ̀ wọlé, á tẹ páásíwọ́ọ̀dù, kí ó sì tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ rẹ̀ ti yọ. Iye owó tó kù fún un ti yọ. Àwọn tẹ́tẹ́ tó ti ta láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ti tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sójú okùn.

Orúkọ yẹn kò sí ní Jọ́bẹ̀lẹ̀. Kò sí nínú ẹ̀rọ éjẹ́ǹtì, kò sí nínú fóònù. Ó lè wà ní Èkó, ó lè wà ní Cape Town, ó lè wà ní orílẹ̀-èdè Ireland, nínú ẹ̀rọ kan tí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà kò rà, tí kò sì ní rí sójú láyé, àmọ́ tó ń san owó háyà lé e lórí lóṣooṣù. Bí orúkọ ẹni tó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ṣe dé irú ibẹ̀ yẹn, tí ó sì jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kó o láti ilé dé ilé lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí olórúkọ tó mọ̀, ìtàn gígùn ni. Ìtàn náà ju ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà lọ.

Agbègbè yìí mọ kíkó orúkọ dáadáa. Orúkọ Afijió gan-an jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n ṣà lára orúkọ àwọn ìlú rẹ̀, tí Fìdítì, Ìlọrà àti Jọ́bẹ̀lẹ̀ wà nínú wọn, Jọ́bẹ̀lẹ̀ sì ni ìjọba ìbílẹ̀ náà fi ṣe ibùjókòó. Ọ̀yọ́ tí gbogbo wọn ń wò bí ojú ẹni ṣe ń wo ẹnu ọ̀nà ilé bàbá ẹni, ìlú tó kó wá ni. Ní àwọn ọdún 1830, lẹ́yìn ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, Ọ̀yọ́-Ilé tú. Aláàfin Àtìbà kò padà síbẹ̀. Ó gbé ìtẹ́ kalẹ̀ sí Àgọ́-Ọjà, ibi tó lé ní 100 kìlómítà sí ìhà gúúsù, ó sì kó àwọn ará ìlú tó yí i ká wọ inú rẹ̀ kí ibẹ̀ lè kún di Ọ̀yọ́.

Ògiri kò ṣeé kó. Òrùlé ààfin kò ṣeé dì lẹ́rù. Orúkọ ló ṣeé kó, orúkọ náà ni Àtìbà kó: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìíní, Lágùnà, Akínìkú, Aṣípa. Ó gbé àwọn oyè wọ̀nyẹn kalẹ̀ nílùú tuntun bí ẹni pé ìlú kò tú rí. Níbi tí agbára ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni oyè tẹ́lẹ̀, ó tún orúkọ so mọ́ agbára: ó fi Olúyọ̀lé Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Àwọn arọ́kin, apìtàn ààfin, ló ru ìyókù. Nínú orí wọn ni orúkọ àwọn ọba wà, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, ẹni tó ṣẹ́gun àti ẹni tó fìdí rẹmi. Kì í ṣe arọ́kin kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ yìí láàfin. Wọ́n pọ̀, wọ́n jọ ń ké e ni, ikú ẹnì kan kò sì lè pa ìtàn rẹ́.

Ọ̀dọ̀ wọn ni Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ó parí ìwé náà ní 1897. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé yẹn lójú ọ̀nà yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kó àkójọ orúkọ kúrò nílé. Ní 1899, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ajíhìnrere. Ó lọ, wọn kò rí i mọ́. Johnson kú ní 1901 láì tún rí i. Obadiah àbúrò rẹ̀, tí í ṣe oníṣègùn, wá jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì fi wọ́n tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó parí, ó tún fi í sínú ọkọ̀ ojú omi. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Appam ni ọkọ̀ náà ń jẹ́; ní 1916 àwọn ará Jámánì gbà á lójú òkun, wọ́n sì wà á dé Amẹ́ríkà. Ìwé náà tún sọnù fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ìgbà tó máa fi jáde ní 1921, Obadiah pàápàá ti kú.

Ìgbà méjì ni ìtàn Ọ̀yọ́ sọnù. Ní ti àkọ́kọ́, pépà tí ẹnì kan kò dà nù nílé ló gbà á.

Ṣùgbọ́n ọba ní arọ́kin, tálákà kò ní. Orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè ẹmu, ara ògiri ló ń wà: elẹ́mu á fi èédú fa ìlà, ìlà kan fún igbá kan, bí wọ́n bá ti san án, á pa á rẹ́. Orúkọ ẹni tó ń dá àjọ, inú orí alájọ ló ń wà, tàbí lórí káàdì kékeré tó ní ojú 31. Alájọ Ṣómólú ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Èkó ní àwọn ọdún 1950, ó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn káàkiri àdúgbò, wọ́n sì ní iye owó oníkálukú pé lórí rẹ̀ láì kọ ọ́ sílẹ̀, débi pé orí pípé rẹ̀ di àṣamọ̀ lẹ́nu gbogbo Yorùbá. Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́, torí kẹ̀kẹ́ ló lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn kò tíì ronú sí iṣẹ́ náà tó.

Tẹ́tẹ́ púùlù wá yàtọ̀ pátápátá, torí pé kò bìkítà fún orúkọ. Liverpool ni iṣẹ́ náà ti gbòòrò dé ibi gbogbo. Ní 1923, John Moores dá Littlewoods sílẹ̀, ó sì tẹ kúpọ̀nù 4,000 tí wọ́n lọ pín níwájú pápá ìṣeré Manchester United. Kúpọ̀nù 35 péré ló padà wá. Síbẹ̀ Moores kò fi í sílẹ̀, nígbà tí yóò sì fi tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, púùlù ti di ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tíṣà, télọ̀ àti awakọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ń fi ka ọ̀sẹ̀. Nọ́ńbà 1 sí 49 ló wà lórí kúpọ̀nù, nọ́ńbà kan fún ìdíje kan, ọ̀mì ni gbogbo ènìyàn sì ń wá. Èdè tuntun jáde nídìí rẹ̀: bánkà, páàmù, ṣọ̀ọ̀ dírọ̀ọ̀. Ìwé ìròyìn tirẹ̀ náà jáde. Right On àti Bob Morton wà lára àwọn tí àwọn bàbá ń ká sí àpò agbádá. Bí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá lọ sí ìsinmi, tẹ́tẹ́ kò sinmi, ti Ọsirélíà á rọ́pò rẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó nílò orúkọ atatẹ́tẹ́. Éjẹ́ǹtì ní ìwé, ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀dà kúpọ̀nù tí kábọ́nù tẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, atatẹ́tẹ́ ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹni tó bá mú kúpọ̀nù wá ni tẹ́tẹ́ jẹ fún. Bí eku bá jẹ ẹ́, ó parí. Kessington Adébùtú, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Baba Ìjẹ̀bú, inú iṣẹ́ púùlù yìí ló ti dàgbà kí ó tó dá Premier Lotto sílẹ̀ ní 2001. Nọ́ńbà márùn-ún nínú àádọ́rùn-ún, irú èyí tó wá láti Gánà, ló sọ di gbajúmọ̀: Peoples, Diamond, Mark II, tú ṣọ̀ọ̀, páàmù tú. Níbẹ̀ náà, bébà kékeré ni ẹ̀rí. Ìyá arúgbó lè ta nọ́ńbà tó lá lóru mọ́jú, kó jẹ, kó gba owó rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ má sì mọ̀ pé ó wà láyé.

Ọdún 2001 yẹn kan náà ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà, òun ló sì yí ohun gbogbo padà. Ní 2009, Akin Alabi dá NairaBET sílẹ̀, èèyàn sì lè ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé. Bet9ja tẹ̀lé e ní 2013, àwọn mìíràn sì ya wọlé lẹ́yìn náà. Láti ọjọ́ tí àkáǹtì ti dé ni tẹ́tẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè orúkọ. Orúkọ nìkan kọ́: nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí torí pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ta, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì, owó tó wọlé, owó tó jáde, ohun tó ta, wákàtí tó ta á. Kúpọ̀nù aláìlórúkọ ti di ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn. Ẹni tó bá rí ìwé tí gbogbo èyí wà nínú rẹ̀ mọ ìgbà tí owó oṣù olórúkọ ń wọlé, ó mọ ọjọ́ tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè mọ alẹ́ tí kò rí oorun sùn. Ìyàwó ilé rẹ̀ lè má mọ ìdajì nínú rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ilé-iṣẹ́ bá ṣe sí ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan.

Ìwé náà ni wọ́n ń pè ní dátábéèsì. Edgar Codd, onímọ̀ ìṣirò tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, ló gbé ètò tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kalẹ̀ ní 1970: kí ohun gbogbo wà nínú tábìlì, ìlà fún ènìyàn, òpó fún ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀. MySQL, tó jáde ní 1995 tí kò sì gbówó lórí, sọ ètò yìí di ohun tí ilé-iṣẹ́ kékeré lè lò. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ á ra ẹ̀rọ sáfà kan tàbí méjì, á gbé e sínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, á fi jẹnẹrétọ̀ tì í lẹ́yìn, á sì gba ọmọkùnrin kan tí yóò máa sùn tì í.

Àwọn tó ń ṣe géèmù lágbàáyé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé yàrá yẹn lè di kékeré jù lójijì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Zynga ní Amẹ́ríkà gbé FarmVille jáde lórí Facebook, géèmù tí èèyàn á ti máa dáko, tí á máa kórè. Láàárín oṣù méjì, àwọn tó ń dáko níbẹ̀ lójoojúmọ́ ti tó mílíọ̀nù 10. Kò sẹ́ni tó lè ra sáfà kíákíá tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà Zynga ń háyà ẹ̀rọ lọ́dọ̀ Amazon. Nígbà tó yá, wọ́n wò ó pé owó háyà ti pọ̀ jù, wọ́n ná ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là láti kọ́ ilé ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n sì kó géèmù wọn lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣeré dín kù. Ilé wà, ẹ̀rọ wà, iná ń jó, èèyàn kò tó mọ́. Ní 2015, wọ́n kéde pé àwọn tún ń kó padà sọ́dọ̀ Amazon. Zynga jáde kúrò ní háyà, ó kọ́lé, ó tún padà sí háyà, láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́fà.

Àárín kan náà ni àdánù Sony ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, àwọn olè wọ inú ẹ̀rọ tó gbé àkáǹtì àwọn tó ń fi PlayStation ṣeré. Àkáǹtì mílíọ̀nù 77 ni ọ̀rọ̀ náà kàn: orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí, páásíwọ́ọ̀dù. Sony pa gbogbo rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní 2013, àjọ tó ń dáàbò bo dátà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn 250,000 pọ́n-ùn lé wọn. Nàìjíríà náà jẹ nínú irú oúnjẹ yìí: ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Bet9ja kéde pé ẹgbẹ́ ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ BlackCat ti kọlu àwọn, àwọn oníbàárà sì wà fún ọjọ́ mélòó kan láì rí àkáǹtì wọn wọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní owó wọn kò sọnù.

Kí ni wọ́n wá ń háyà gan-an nínú ohun tí wọ́n ń pè ní cloud, ìyẹn àwọsánmà? Orúkọ náà ń tan èèyàn. Kò sí ohun tó wà lójú sánmà. Ilé ńláńlá ni, tó kún fún ẹ̀rọ, tó ń jẹ iná bí ìlú. Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ háyà báyìí ní 2006. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó háyà yàrá òfìfo àti ẹni tó háyà yàrá tí wọ́n ń bá a gbá, tí wọ́n ń bá a fọṣọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń bá a ṣọ́ lóru. Irú ti kejì yìí ni Amazon bẹ̀rẹ̀ fún dátábéèsì ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, Google àti Microsoft sì ń ṣe é bákan náà. Onílé á máa tún sọ́fúwéà ṣe fúnra rẹ̀, á máa ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo lójoojúmọ́, bí ilé-iṣẹ́ bá sì fi kún owó, ẹ̀dà kejì á wà ní ilé mìíràn tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́, tí yóò gba iṣẹ́ bí ti àkọ́kọ́ bá kú. Ọmọkùnrin tó ń sùn ti sáfà lè lọ sùn sílé rẹ̀.

Nígbà tí géèmù Pokémon GO jáde ní 6 oṣù keje ọdún 2016, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ Google ni àkáǹtì àwọn tó ń ṣe é wà. Àwọn tó rọ́ wọlé pọ̀ tó ìlọ́po 50 ohun tí wọ́n fi ojú sùn tẹ́lẹ̀. Ìlọ́po márùn-ún ni wọ́n rò pé ó lè burú mọ. Ká ní yàrá ọmọkùnrin yẹn ni, ì bá ti gbiná.

Kíkó náà ló wá le. Ẹni tó bá fẹ́ kó ṣọ́ọ̀bù lè ti ilẹ̀kùn ní Sátidé, kó ṣí i ní Mọ́ńdè. Dátábéèsì tẹ́tẹ́ kò ṣeé tì. Ọ̀sán Sátidé kò ṣeé fọwọ́ kàn, alẹ́ Túsìdeè àti Wẹ́síìdeè jẹ́ ti ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, eré àfẹ̀rọṣe tí kò nílò agbábọ́ọ̀lù sì ń lọ ní aago mẹ́ta òru. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ ya àwòrán dátábéèsì àtijọ́ bó ṣe wà ní wákàtí kan pàtó, wọ́n á gbé e lọ sí ilé tuntun. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, àwọn èèyàn ń ta tẹ́tẹ́ lọ lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n dátábéèsì tó dára a máa kọ ìwé ìrántí gbogbo ohun tó bá yí padà nínú rẹ̀, ní ìṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ilé tuntun á máa ka ìwé ìrántí yẹn, á máa ṣe bí ti àtijọ́ ti ṣe, títí yóò fi bá a. Ó lè gba ọjọ́, ó lè gba ọ̀sẹ̀. Wọ́n á ka iye ènìyàn ní ìhà méjèèjì. Wọ́n á ro owó gbogbo àkáǹtì pọ̀ ní ìhà méjèèjì, bí kọ́bọ̀ kan bá yàtọ̀, wọn kò gbọdọ̀ lọ síwájú. Lẹ́yìn náà, ní ìdájí ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù kò pọ̀, wọ́n á dá kíkọ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á yí ojú gbogbo ẹ̀rọ sí ilé tuntun, wọ́n á sì mí kanlẹ̀.

Ibi tí kíkó ti máa ń pa orúkọ Yorùbá lára wà nínú iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kí á sọ ọ́ síta. Ọ̀pọ̀ dátábéèsì MySQL àtijọ́ ni wọ́n dá sílẹ̀ pẹ̀lú àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní latin1, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Ọdún 2018 ni ẹ̀yà kẹjọ MySQL tó fi àkójọ lẹ́tà gbogbo ayé ṣe ìpìlẹ̀. Bí ẹni tó ń kó o kò bá fura, Ṣọlá tó wọlé lálẹ́ á jí ní àárọ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè níwájú àti láàárín orúkọ rẹ̀. Àmì tí àwọn àgbà bíi Àjàyí Crowther fi sábẹ́ lẹ́tà, tí ìpàdé kan ní Èkó tún jókòó lé lórí ní 1875 kí àkọtọ́ lè fìdí múlẹ̀, lè pòórá ní òru ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹwà lásán: bí orúkọ inú àkáǹtì tẹ́tẹ́ kò bá bá ti báńkì mu, owó á há. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti nọ́ńbà fóònù. Ẹni kan náà lè wà nínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, èkejì pẹ̀lú 234, owó rẹ̀ á sì pín sí ọ̀nà méjì.

Ohun kejì ni ẹ̀dà. Ní 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣẹ́ sọ́fúwéà tọ́jú iṣẹ́ wọn, ń gbìyànjú láti tún ẹ̀dà dátábéèsì ṣe lálẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó pa èyí tó jẹ́ ojúlówó rẹ́. Wọ́n sáré sí ẹ̀dà ìpamọ́, ọ̀nà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì gbà gbọ́ pé àwọn ń gbà ṣe é. Kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ yẹn kan náà ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún ìdánwò mìíràn pátápátá, ló gbà wọ́n. GitLab kọ gbogbo rẹ̀ síta láì fi ohunkóhun pamọ́, ìwà ọmọlúàbí sì ni. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ náà, tó sì mọ ìtàn Obadiah Johnson àti àwọn pépà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á rò pé ìtàn kan náà ni wọ́n sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í fi pa ilé àtijọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó. Wọ́n á jẹ́ kó máa tẹ̀lé tuntun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí tuntun bá yẹ̀, kí wọ́n lè rí ibi padà sí.

Ní Nàìjíríà, ohun tó ń lé ilé-iṣẹ́ kúrò nínú yàrá tirẹ̀ kò jọ ti Zynga. Iná ni, àti dísù tí wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Kí wáyà MainOne tó dé láti Pọ́túgà ní 2010, tó gùn ní nǹkan bí 7,000 kìlómítà lábẹ́ òkun, íntánẹ́ẹ̀tì tó lè gbé irú ìwé yìí lọ sí òkè òkun wọ́n bí ojú. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀rọ ńlá dé sí Èkó: Rack Centre ní 2013, ti MainOne ní 2015, èyí tí Equinix ará Amẹ́ríkà rà ní 2022. Amazon ṣí àgbègbè cloud rẹ̀ sí Cape Town ní 2020, Microsoft ti ṣáájú rẹ̀ dé South Africa ní 2019, Google sì dé Johannesburg ní 2024. Dátábéèsì tó wà ní Ireland tẹ́lẹ̀ lè sún mọ́lé báyìí.

Ṣùgbọ́n dọ́là ni owó háyà. Nígbà tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ lójú ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tí báńkì ń tà ní nǹkan bí 460 náírà gòkè kọjá 700 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì ti kọjá 1,500 ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ilé-iṣẹ́ tó kó sínú cloud nígbà tí ó rọjú rí i pé háyà ti di ìlọ́po mẹ́ta láì jẹ́ pé onílé fi kọ́bọ̀ kan lé e. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn cloud tó wà nílé tó ń gba náírà. Ní 14 oṣù kẹta ọdún 2024 ni òmíràn tún dé: wáyà mẹ́rin, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Báńkì dákẹ́, fóònù dákẹ́, kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Orúkọ kò sọnù níbi tó wà. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ló já.

Òfin náà ti ń bá ìrìn-àjò yìí bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìlànà ààbò dátà jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019, òfin gidi sì tẹ̀lé e ní 12 oṣù kẹfà ọdún 2023. Ó ní olórúkọ ló ni ẹ̀tọ́ sí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní bí ó bá jò sọ́wọ́ olè, tí ìyẹn sì lè ṣe olórúkọ ní jàǹbá, kí ilé-iṣẹ́ sọ fún àjọ tó ń bójú tó o láàárín wákàtí 72. Ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbé e kọjá ibodè rí i dájú pé ààbò wà níbi tó ń gbé e lọ. Òfin yìí kò ya ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ sọ́tọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ní 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tún dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó pè láti 2008: òfin lọ́tìrì àpapọ̀ ti 2005 kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà. Láti ìgbà náà, tẹ́tẹ́ tí wọ́n bá ta ní Fìdítì ti di ọ̀rọ̀ tí Ìbàdàn ní ẹnu lé lórí ju Àbújá lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin Jọ́bẹ̀lẹ̀ kò ro èyíkéyìí nínú èyí. Ó yan ìdíje mẹ́rin, ó fi igba náírà lé e, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ tó gbé orúkọ rẹ̀ yọ owó náà kúrò, ó kọ tẹ́tẹ́ sílẹ̀, ó ké sí ẹ̀rọ kejì nínú ilé mìíràn pé kí ó kọ ọ́, ó dúró títí ìyẹn fi dáhùn pé òun ti kọ ọ́, kí ó tó fi àmì ránṣẹ́ padà sí fóònù pé tẹ́tẹ́ ti wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin náà fi fóònù sápò, ó yíjú sí tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù. Rẹfirí kò tíì fọn fèrè.